Èbúté Kútọnu: Ohun Tó Ń Kọjá àti Ohun Tó Ń Dúró

Ní èdè Fọ̀n, Kútọnu túmọ̀ sí etí odò ikú. Ìgbàgbọ́ àwọn ará àtijọ́ ni pé ẹ̀mí àwọn tó ti kú a máa gba ojú ọ̀sà ìlú náà kọjá lọ sínú òkun. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ ni Kútọnu ti jẹ́ ibi ìkọjá. Lónìí, ohun tí ojú wa ń rí tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni ìrẹsì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù, adìyẹ oníyìnyín, òwú, àti ọmọ ènìyàn. Àwa tí a ń kọ àròkọ yìí jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a bí ní ìhà Nàìjíríà, tí a sì ti ń gbé Kútọnu fún ọ̀pọ̀ ọdún. A fẹ́ mú ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, rin àyíká èbúté náà, kí a jọ wo ohun tó ń gbà á kọjá, ibi tó ti wá, ibi tó ń lọ, àti ohun tó ń ṣẹ́kù fún ẹni tó ń gbé létí rẹ̀.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí òkun Kútọnu yóò mọ ìdí tí èbúté fi ṣòro láti kọ́ síbẹ̀. Etíkun náà tẹ́ gbọọrọ. Kò sí àpáta, kò sí ọwọ́ omi tí ọkọ̀ lè sá wọ̀ bí ìjì bá ń jà, ìgbì sì ń fọ́ sórí iyanrìn tọ̀sán-tòru. Ní ayé àtijọ́, ọkọ̀ òkun a dúró sójú agbami, àwọn atukọ̀ onígboyà a sì fi ọkọ̀ kéékèèké la ìgbì náà já láti lọ gbé ẹrù àti èrò wá sílẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́ afárá onírin kan tó gùn wọ inú òkun, tí wọ́n ń pè ní wharf. Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1891, ó sì parí ní 1893. Láti orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ agbẹ́rù sọ ẹrù kalẹ̀. Èrò pàápàá, inú agbọ̀n ńlá ni wọ́n ń kó wọn sí, tí ẹ̀rọ yóò sì gbé wọn fò lókè omi bí àpò iyọ̀. Nígbà tí ìṣàkóso Faransé ń lọ sópin ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èbúté olómi jíjìn tí a mọ̀ lónìí. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1965, Dahomey ti gba òmìnira láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Òkun kì í fún ni lọ́fẹ̀ẹ́. Ní etíkun wa yìí, omi a máa wọ́ iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́ ayé. Nígbà tí wọ́n fi òkúta kọ́ ògiri èbúté wọ inú òkun, ògiri náà dá iyanrìn dúró. Etíkun ìhà ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ti ìhà ìlà-oòrùn, lódì kejì ọ̀sà, sì bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ní Akpakpa, òkun ti gbé igi àgbọn, ọ̀nà àti ilé lọ. Ìjọba ti to òkúta wọ inú omi ní ẹsẹẹsẹ láti dá a dúró. Bí a bá dúró sórí òkúta wọ̀nyí ní ìrọ̀lẹ́, a óò máa wo ọkọ̀ tó ń dúró de àyè láti wọlé, a óò sì máa rántí pé ibi tí a ń wò bí omi báyìí, àgbàlá àwọn ẹlòmíràn ni nígbà kan rí. Èbúté náà ti bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Kútọnu, ó sì ti jẹ àwọn mìíràn.

Àwa mẹ́ta ni a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì kékeré kan tí kò jìnnà sí Ganhi, àdúgbò àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun. Iṣẹ́ wa ni láti máa bá àwọn oníṣòwò túmọ̀ ìwé ẹrù láti èdè Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Láàárọ̀, zémidjan ni a ń gùn lọ síbẹ̀. Alùpùpù akérò ni. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Fọ̀n ń wí pé ‘gbé mi kíákíá’, ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè tí a kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn ni àwọn tó ń gùn ún sì ń wọ̀. Iye owó ni a kọ́kọ́ ń béèrè kí a tó fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gùn ún kó tó béèrè, gbogbo ojú ti mọ̀ pé àlejò ni.

Èdè sì ni ẹrù àkọ́kọ́ tí àlejò gbọ́dọ̀ gbà jáde ní èbúté yìí. Faransé ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì, Fọ̀n ni wọ́n ń ná ọjà, Ègùn ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Àjàṣẹ́, Hausa ni a ń gbọ́ ní Zongo, Ìgbò sì wọ́pọ̀ ní Missèbo níbi tí wọ́n ti ń tú bẹ́ẹ̀lì aṣọ àlòkù. Yorùbá wà láàárín gbogbo wọn, lẹ́nu àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìpobẹ́, àti lẹ́nu àwa tí a ti òdì kejì ẹnubodè wá. Anago ni àwọn Fọ̀n ń pe gbogbo wa, wọn kì í béèrè ẹni tó ni ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé. Bí ará ilé wa bá wí láàárọ̀ pé ‘A fɔ́n gànjí à?’, ó ń béèrè bóyá a jí dáadáa ni. Bí a bá sì ti ìrìn-àjò dé, ‘kwabɔ̀’ ni wọ́n fi ń pàdé wa, etí wa a sì gbọ́ ‘ẹ kú àbọ̀’ tiwa nínú rẹ̀. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà láàárín wa kò lè ya ìkíni sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Oúnjẹ náà bá wa tan. Àkàsà tí a ń jẹ pẹ̀lú ẹja àti ata ní ọ̀sán, ẹ̀kọ wa ni ó yí orúkọ padà. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń ṣe ni wọ́n ń pè ní wagashi. Atassi ni ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ nínú ìkòkò kan náà, òun sì ni ó ń mú àwọn alábàárù, àwọn awakọ̀ tírélà àti àwa akọ̀wé jókòó sórí àga gbọọrọ kan náà. Ìrẹsì inú atassi yìí ni ó mú wa ronú jìnnà. Bí a bá wo àpò tó wà lẹ́yìn ìyá olóúnjẹ, orúkọ Thailand ni a kọ sí i lára.

Ìrìn-àjò ìrẹsì náà jìn ju tiwa lọ. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Chao Phraya, láàárín gbùngbùn Tàílándì, àwọn àgbẹ̀ ń gbin ìrẹsì sínú omi. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa, wọ́n a rẹ ẹ́ sínú omi tòun tèèpo, wọ́n a fi ooru sè é díẹ̀, wọ́n a sá a kó gbẹ, kí wọ́n tó wá bó èèpo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ rẹ̀ fi ń pọ́n díẹ̀, tí kì í sì í tètè lẹ̀ mọ́ra nínú ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn ará Tàílándì fúnra wọn kì í sáábà jẹ irú rẹ̀. Ìrẹsì funfun olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní hom mali ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn. Àwọn ará ìhà àríwá-ìlà-oòrùn ní tiwọn ń jẹ irú kan tó máa ń lẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ní òkèlè bí a ti ń ṣe iyán. Ìkíni wọn gan-an, oúnjẹ yìí ló wà níbẹ̀: bí ẹni méjì bá pàdé, wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé, ‘Ṣé o ti jẹ ìrẹsì?’

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó ìrẹsì ló ń di ẹrù ní ojú omi erékùṣù Ko Sichang, nítòsí èbúté Laem Chabang. Ọ̀nà tó tọ́ sí Kútọnu ni pé kí ọkọ̀ gba àárín omi tóóró Malacca, kó la Òkun Íńdíà já, kó yí ìsàlẹ̀ Áfíríkà ká ní Cape of Good Hope, kó tó máa gòkè bọ̀ sọ́dọ̀ wa. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lè gba oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá gúnlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté a wọ inú ikùn ọkọ̀, wọ́n a to àwọn àpò ìrẹsì oníkílò 50 sórí okùn, ẹ̀rọ agbẹ́rù a sì gbé wọn bọ́ sórí tírélà. Bí ayé ti ń lo ẹ̀rọ tó yìí, èjìká ènìyàn ṣì ni ìrẹsì ń gbà dé ilé ìkẹ́rùsí.

Ìrìn-àjò náà kì í ṣe ti ìrẹsì nìkan. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà tí wọ́n ń gbé Bangkok, tí wọ́n ń ra aṣọ lọ́pọ̀ ní àdúgbò Pratunam, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn mìíràn ń ra òkúta iyebíye ní Chanthaburi. Ìgbésí ayé wọn níbẹ̀ jọ tiwa níhìn-ín ju bí a ti rò lọ: yíyá yàrá, kíkọ́ ìkíni, kíka ọjọ́. Lábẹ́ òfin Tàílándì, àlejò tó bá ń gbé ibẹ̀ pẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sọ ibi tó ń gbé fún ìjọba ní gbogbo ọjọ́ 90. Ní ti wa, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní 1979 ni ó fún wa láyè láti wọ Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, kí a sì lò tó ọjọ́ 90. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìgbélùú ti di dandan. Nínú ilé tí a ń gbé ní Akpakpa, kàlẹ́ńdà ara ògiri ni a fi ń ṣọ́ ìwé wa. Ẹni tí kò bá ka ọjọ́ rẹ̀ nílùú onílùú, ẹlòmíràn yóò kà á fún un.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí àpò ìrẹsì. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn Bẹ̀nẹ̀ ní 2013, wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 10. Síbẹ̀ ní 2017, Bẹ̀nẹ̀ wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ra ìrẹsì Tàílándì jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Mílíọ̀nù 10 ẹnu kò lè jẹ ẹ́ tán. Ibi tí ìyókù ń lọ kì í ṣe àṣírí. Láti Kútọnu sí ẹnubodè Sèmè-Kraké, nǹkan bíi kìlómítà 30 ni, lẹ́yìn ẹnubodè náà sì ni orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá ti Bẹ̀nẹ̀ lọ wà.

Nàìjíríà fi òfin de kíkó ìrẹsì gba orí ilẹ̀ wọlé ní 2016. Ní oṣù kìíní 2017, òfin náà kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú. Ìdí wà fún un, nítorí àwọn àgbẹ̀ Kebbi, ti Ebonyi àti ti Ọ̀fádà náà ní ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n níbi tí owó ọjà bá ti yàtọ̀ lódì kìíní àti lódì kejì, òfin nìkan kì í dí ọ̀nà. Ohun tó ń gba títì tẹ́lẹ̀ wá ń gba inú igbó àti orí ọ̀sà lóru. Fàyàwọ́ ni Yorùbá ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ẹni tó ń fi àyà wọ́lẹ̀ kò lè gbé orí sókè wo ibi tó ń lọ. A mọ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí owó alùpùpù alẹ́ kan. Àwọn mìíràn kò padà délé.

Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa, kò sì tún un ṣí títí di oṣù kejìlá 2020. Àwa tí a wà ní ẹ̀gbẹ́ èbúté rí i bí ìlú ṣe ń dákẹ́. Tírélà ń dúró, àwọn alábàárù ń jókòó sábẹ́ wọn. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin tòmátò fún ọjà Èkó ń wò ó bó ṣe ń jẹrà. Ìyá oníṣòwò kan tí a máa ń túmọ̀ ìwé fún wá sí ọ́fíìsì wa. Ó ti fi owó àjọ àti owó èlé gba ìrẹsì, ìrẹsì náà sì wà nínú ilé ìkẹ́rùsí tí owó rẹ̀ ń gun orí ara wọn lójoojúmọ́. Ó gbé ìwé rẹ̀ ka iwájú wa, ó ní kí a tún un kà, bóyá ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí a kò rí tẹ́lẹ̀. A tún un kà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwé náà pé pérépéré. Nígbà tí a parí, ó ní, ‘Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwé yín dára, ṣùgbọ́n ẹnubodè kò mọ ìwé kà.’ Ó ta ìrẹsì náà ní owó tí kò tó èyí tó fi rà á, ọdún méjì sì ni ó fi san gbèsè tó kù.

Bí ìgbà tí ọ̀ràn náà kò tíì tán nílẹ̀ ni ti Niger tún dé. Niger kò ní òkun. Kútọnu ni ọ̀kan lára ẹnu tó fi ń jẹun, ọ̀nà tó já sí Malanville létí odò Ọya sì gùn ju kìlómítà 700 lọ. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀ ní oṣù keje 2023, tí ECOWAS sì fi ìyà jẹ orílẹ̀-èdè náà, ọkọ̀ ẹrù tò sí Malanville bí ìlẹ̀kẹ̀. ECOWAS mú ìyà náà kúrò ní oṣù kejì 2024, ṣùgbọ́n ẹnubodè tí ọwọ́ méjì ń tì, ọwọ́ kan kò lè ṣí i. Nínú nǹkan bí ọdún márùn-ún, èbúté kan náà rí i tí aládùúgbò méjì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yóò ti gbọ́ orúkọ tí a ń pe ọkọ̀ àlòkù tó kún àwọn pápá ńlá ẹ̀bá títì. Ní Bẹ̀nẹ̀, ‘venu de France’ ni, ìbáà jẹ́ Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ní Nàìjíríà, tòkúnbọ̀ ni. Orúkọ ọmọ ènìyàn ni èyí kejì yìí kó tó di orúkọ ọkọ̀, ọmọ tí a bí sí òkè òkun tó sì padà wálé ni a ń sọ bẹ́ẹ̀. Nínú orúkọ tí Faransé fún ọkọ̀, ibi tó ti wá ni wọ́n ń wò. Nínú èyí tí Yorùbá fún un, bíbọ̀ rẹ̀ ni a ń wò. Lójú tiwa, bíbọ̀ yìí ni ìbéèrè tó kan gbogbo ẹni tó bá gbé nílùú àjèjì, ìbáà ṣe Bangkok tàbí Kútọnu: kí ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá bọ̀?

A ti rí i pé owó èbúté, owó ìkọjá ni. Ó dára, ó ń kọ́ ilé, ó ń rán ọmọ lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó dúró tì wá nígbà tí ẹnubodè tì ni èdè tí a gbọ́, iṣẹ́ ọwọ́ tí a mọ̀, àti àwọn ará ilé tó fún wa ní àkàsà láwìn láìbéèrè orílẹ̀-èdè wa. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa pé kí wọ́n gbọ́ Faransé yékéyéké, kí wọ́n gbọ́ Fọ̀n, kí wọ́n má sì jẹ́ kí Yorùbá bọ́ lẹ́nu wọn, nítorí aṣọ́bodè kankan kò lè gba èdè lọ́wọ́ ẹni. A sì ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ ṣì wà. Ní Malanville, omi odò Ọya ń bu irúgbìn ìrẹsì. Ní Glazoué, lápá Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ níbi tí èdè wa ti ń dún, ìrẹsì ìbílẹ̀ ti ní orúkọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò fi òwò sílẹ̀. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Dantokpa lónìí, ẹ óò rí àpò méjì tó ṣí ẹnu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan ti Tàílándì wá, ó sì wọ́n díẹ̀. Èkejì ti Glazoué wá; òkúta wẹ́wẹ́ a máa wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì ń fẹ́ kí a ṣa á kí a tó sè é. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣa ti àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ fún wọn lórí atẹ, a sì máa ń bá a ṣa á bí a bá ráyè. Ìrẹsì náà kò tíì pọ̀ tó láti bọ́ ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ẹnubodè kankan láàárín oko tó ti wá àti ìkòkò tí a ó sè é sí.